Rí, Rì àti Àìrí: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Àfẹ́ẹ̀rí ní Ilẹ̀ Àwórì

  

Kò sí ọdún kan tí a ṣe ọdún Ifá tí ọ̀rọ̀ kan kì í jáde lẹ́nu àwọn tí wọ́n wá wò wá. Ọ̀rọ̀ náà ni àfẹ́ẹ̀rí. Àwọn kan a sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, àwọn kan a rọra bi wá níkọ̀kọ̀, bí ẹni tí ó ń bèèrè ilé olówó. Mo rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá bá àgbà awo kan lẹ́yìn tí a ti jẹun ọdún tán. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin àgbà ni ẹ ni àfẹ́ẹ̀rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é fún mi." Àgbà náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó ń lé ọ?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rí èsì fọ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó sì lọ. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àgbà náà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí ó bi ọmọ náà ni ó mú mi wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbà pé ó yẹ kí a kọ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ sínú ìwé ọdún wa, nítorí pé bí a bá dákẹ́, ẹlòmíràn ni yóò máa sọ ohun tí a kò sọ mọ́ wa lẹ́nu.

Kí á tó dé orí àfẹ́ẹ̀rí fúnra rẹ̀, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí Yorùbá kì í pò pọ̀: wò àti rí. Ẹni tí ó wò lè má rí. A máa ń sọ pé, "Mo wò ó títí, n kò rí i." Ojú ni a fi ń wò, ṣùgbọ́n rírí kọjá ojú. Láti ara rí ni a ti mú ẹ̀rí, èyí tí í ṣe ohun tí a rí tí a sì lè sọ níwájú àwọn àgbà. Láti ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ti wá. Orúkọ tí a fi ń ki Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí-ìpín, kò ju èyí lọ: òun ni ó wà níbẹ̀, tí ó rí i, nígbà tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ń yan ìpín. Nítorí náà ni a fi ń lọ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrírí náà wà níbẹ̀, aríran náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan tún wà tí ó yẹ kí àlejò mọ̀, èyí ni àrífín. Yorùbá gbà pé bí a bá rí ènìyàn tàbí ohun kan jù, tí a rí i fín, ọ̀wọ̀ rẹ̀ a dín kù lójú wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti ṣàlàyé ìdí tí a fi ń fi aṣọ bo nǹkan kan nínú ẹ̀sìn wa ju bí ọ̀pọ̀ ìwé ńláńlá ti ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Àìrí ni òdìkejì gbogbo èyí. Nínú ìdílé àìrí ni àwámárìídìí wà, ohun tí a wá wá tí a kò rí ìdí rẹ̀, tí a fi ń pe Olódùmarè. Nínú rẹ̀ náà ni àfẹ́ẹ̀rí wà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Àwámárìídìí kò fi ara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òye wa ni kò tó o. Àfẹ́ẹ̀rí ní tirẹ̀, oògùn ni. Ẹni tí ó lò ó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ń wá a kò gbé e.

Àwọn tí wọ́n ń da àfẹ́ẹ̀rí pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn pọ̀, àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè sì wà nínú wọn. Àwọn ọdẹ kò da wọ́n pọ̀. Egbé ni ó ń gbé ènìyàn kúrò ní ojú ewu lọ sí ibòmíràn lójijì. Ẹni tí ó lo egbé kò sí níbẹ̀ mọ́. Kánàkò ń ká ọ̀nà kò, kí ibi tí ó jìn lè di ìtòsí. Ìparadà ni kí ènìyàn di ohun mìíràn. Ìṣújú sì ń ṣiṣẹ́ lára ojú ẹni tí ń wò, ó ń mú kí ojú rẹ̀ ṣú. Àfẹ́ẹ̀rí nìkan ni ó fi ẹni tí a ń wá sílẹ̀ ní ibi tí ó wà, bí ó ti wà, tí a kò sì rí i. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ nípa Baṣọ̀run Gáà ti Ọ̀yọ́, tí agbára rẹ̀ parí ní 1774 nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún borí rẹ̀, sọ pé àwọn ènìyàn gbà pé ó lè di ẹkùn tàbí erin. Ìparadà nìyẹn. Nínú ìwé D. O. Fágúnwà tí ó jáde ní 1938, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, egbé ni Àkàrà-ògùn lò nígbà tí ọ̀nà dí mọ́ ọn, ó sì bá ara rẹ̀ nílé. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì yìí ní àfẹ́ẹ̀rí ti pe ọ̀bẹ ní àdá.

Iṣẹ́ ọdẹ àti iṣẹ́ ogun ni àfẹ́ẹ̀rí ti ní oko tirẹ̀. Ọdẹ tí ẹranko bá rí kì í pa á. Jagunjagun tí ọ̀tá bá rí ní ibùba kò ní bá ọ̀tá níbẹ̀. Nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun kò dáwọ́ dúró ní ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú lójú oko àti lójú ọ̀nà odò, kì í ṣe eré ni kí ènìyàn fẹ́ kí á má rí òun. Ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n sá wọ inú igbó, tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, òun ni ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí àgbà awo bá wá bi ọ̀dọ́mọkùnrin òní pé ta ni ó ń lé e, ayé yẹn ni ó ń rántí.

Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a tẹ̀ ní Ifá ní Kétu ní 1953 tí a sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Fátúmbí, kó iṣẹ́ egbòogi 447 jọ sínú ìwé rẹ̀ Ewé, tí ó jáde ní 1995. Ohun tí ó fi hàn nínú ìwé náà, tí àwọn olóòṣà ti mọ̀ tipẹ́, ni pé ewé kì í ṣiṣẹ́ láìsí ọ̀rọ̀. Ewé ní orúkọ, orúkọ náà ní ìró, ìró náà sì bá ohun tí a ń bèèrè mu. Odù kan wà lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ra ẹyọ oògùn kan lọ́jà, tí kò mọ ọfọ̀ rẹ̀, tí kò mọ odù tí ó bí i, tí kò sì bèèrè lọ́wọ́ Ifá bóyá ó tọ́ sí òun, ewé gbígbẹ ni ó rà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yẹn.

Ní báyìí, kí á padà sílé. Ilẹ̀ Àwórì ni Ẹgàn wà, bí Ìgándò, Ìkòtún àti ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ ní Alímọ̀ṣọ́ ti wà. Gbogbo ọmọ Àwórì ni a ti pa ìtàn náà fún. Ọlọ́fin Ògúnfúnmínire jáde ní Ilé-Ifẹ̀. Ifá sọ fún un pé kí ó gbé àwo kan lé orí omi, kí ó máa tẹ̀lé e, ibi tí àwo náà bá ti rì ni kí ó tẹ̀dó sí. Àwo náà léfòó lórí odò Ògùn. (Ẹ jẹ́ kí ohùn yé yín: odò Ògùn ni, kì í ṣe Ògún tí ó wà nínú orúkọ Ọlọ́fin.) Ìtàn sọ pé ó dúró ní Olókemejì fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí ó tó tún gbéra, ó tún dúró ní Òkè-Àtà, nítòsí ibi tí a ń pè ní Abẹ́òkúta lónìí. Ní ibi kọ̀ọ̀kan tí ó dúró sí, àwọn kan lára èrò tí ó bá Ọlọ́fin rìn jókòó, wọn kò lọ mọ́. Ní Ìṣẹri, àwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, ó sì rì. Nígbà tí wọ́n bèèrè ibi tí àwo wà, èsì tí a fún wọn ni pé, "Àwo ti rì." Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe àwọn ènìyàn náà ní Àwórì.

Àwọn tí ń ṣe ìwádìí máa ń ka ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìrìn-àjò àti ìtẹ̀dó, ìyẹn sì tọ̀nà. Èmi a máa kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn ohun tí ó kúrò lójú. Ẹ wò ó: níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ń rí àwo, wọn kò ní ilé. Ìgbà tí wọn kò rí i mọ́ ni wọ́n tó ní ilé. Rí àti rì, ohùn kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Ohun tí ó rì kò ṣègbé. Ó wà nísàlẹ̀ omi, ibẹ̀ ni ìlú sì ti fìdí múlẹ̀. Ọmọ Àwórì kò gbẹ́ odò Ògùn láti wá àwo náà jáde, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé bí a kò bá rí i, irọ́ ni.

Ibí yìí ni ó yẹ kí n ti kìlọ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Àwo ni ohun tí a fi ń jẹun, tí ó rì ní Ìṣẹri. Awo ni ohun ìjìnlẹ̀ tí a kì í sọ fún gbogbo ènìyàn, òun náà sì ni orúkọ tí ẹni tí ó ti wọlé ń jẹ́. Awò ni ohun tí a fi ń wo ọ̀ọ́kán. Awọ ni ti ẹran. Bí a bá kọ gbogbo wọn ní "awo" lásán, bí a ti ń rí i lára pátákó àti lórí ìwé ìpè, àlejò lè rò pé Àwórì túmọ̀ sí àwọn tí ó rí awo. Mo ti rí i kà níbì kan rí, láti ọwọ́ ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Awo fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí, nítorí pé òun ni ó wà nínú orúkọ babaláwo. Àwọn ọ̀tá wa máa ń sọ pé bí ohun tí ẹ ń ṣe bá dára, kí ló dé tí ẹ fi ń bò ó? Ìdáhùn wà nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín awo àti àfẹ́ẹ̀rí. Àfẹ́ẹ̀rí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Awo a máa fi ara rẹ̀ hàn pé òun wà. Ó ní ilé, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní ọjọ́, gbogbo ìlú ni ó sì mọ ẹni tí í ṣe awo. Ohun tí ó wà nínú ni ọ̀gbẹ̀rì kò mọ̀, ọ̀gbẹ̀rì náà sì lè wọlé bí ó bá gbà láti ṣe ohun tí àwọn tí ó wà nínú ṣe. Ìgbà tí a bá mú ẹni tí a fẹ́ tẹ̀ ní Ifá lọ sí igbódù, gbogbo ẹbí rẹ̀ mọ ibi tí ó lọ. Wọ́n ń retí rẹ̀. Wọ́n ń se oúnjẹ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wíwọlé rẹ̀ àti jíjáde rẹ̀ ni a kì í sọ ní ìta. Láti ìgbà náà ni a ó ti máa pe òun náà ní awo.

Ọ̀rọ̀ yìí rìn jìnnà ju àwa tí a ní in lọ. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú gbé Ifá dé, awó ni wọ́n ń pe babaláwo títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá tí a fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ọlọ́fin náà dé ibẹ̀. Orúkọ Ẹni Òkè ni wọ́n fi í ṣe. Ní ilẹ̀ Benin àti Tógò, àwọn Fọ̀n ń pe Ifá ní Fá, wọ́n sì ń pe Odù ní Gbadu. Igbá Gbadu kì í ṣe ohun tí ẹni tí a kò gbà láyè ń fojú kàn. Bernard Maupoil, tí ó kọ ìwé ńlá nípa Fá ní 1943, gba ọ̀pọ̀ ohun tí ó kọ lẹ́nu Gedegbe, tí ó ti jẹ́ awo Ọba Béhanzin. Awo àgbà yẹn sọ púpọ̀ fún àlejò rẹ̀, ìwé náà sì sanra. Ẹni tí ó bá kà á tán yóò mọ ohun púpọ̀ nípa Gbadu. Síbẹ̀ kò tíì rí i.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí ó tẹ́ wa lọ́rùn jù ni a kì í fẹ́ rí fín. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ṣẹ́ sílẹ̀ láti ara adé ń bo ojú ọba, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo ojú rẹ̀ lásán. Nígbà tí ó bá tó àsìkò, a kì í sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni. Àwọn akọni àtijọ́ tí ó di òrìṣà kò kú, wọ́n wọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa fúnra rẹ̀ kò gbà kí ikú jẹ́ òpin. Ó kàn ń sọ fún wa pé ẹni náà ti bọ́ sí ibi tí ojú kò dé.

Ibi tí a ti rí i kedere jù lọ ni ìtàn Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn babaláwo ń kì nínú Ìwòrì Méjì. Ẹ̀yin ọmọ awo mọ̀ ọ́n; mo ń sọ ọ́ nítorí àlejò. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn sì di ọba tàbí ènìyàn ńlá. Ní ọjọ́ tí ó ń ṣe ọdún, ó pè wọ́n, wọ́n wá, wọ́n sì ń kí i bí a ti ń kí baba, wọ́n ń foríbalẹ̀ pẹ̀lú àbọrú àbọyè. Ó kan Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn wọn. Ọlọ́wọ̀ dúró ṣánṣán. Ó ní bí baba òun ti dé adé ni òun náà dé adé, pé ẹni tí ó dé adé kì í foríbalẹ̀ fún ẹlòmíràn. Inú bí Ọ̀rúnmìlà. Ó kó kúrò láàárín wọn, ó lọ sí ibi ọ̀pẹ tí ó ya orí mẹ́rìndínlógún, wọn kò sì rí i mọ́. Láti ìgbà náà ni ayé ti dojú rú: aboyún kò bí, oko kò so, odò gbẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà wá sílé. Kò padà. Ó ní kí wọ́n na ọwọ́, ó sì fún wọn ní ikin mẹ́rìndínlógún. Ó ní ohun gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ ní ayé, ikin náà ni kí wọ́n máa bi.

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ìgbéraga Ọlọ́wọ̀ ni àwọn tí ń sọ ọ́ sì máa ń tẹnu mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó gbẹ̀yìn. Ọ̀rúnmìlà kò fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Kò fi ère sílẹ̀. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni ohun tí a fi lè bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ó rí ní ọjọ́ ọdún yìí, ọpọ́n, ìrọ́kẹ́, ìyẹ̀rosùn, ọ̀pẹ̀lẹ̀, orí àìrí Ọ̀rúnmìlà ni ó dúró lé. Bí ó bá wà láàárín wa tí a ń rí i, a kò ní nílò babaláwo. Odù kan náà tí ó sọ bí ó ṣe kúrò lójú wa ni a tún fi ń tọrọ pé kí ó máa tẹjú mọ́ wa. A kò rí i. Kí òun ṣáà máa rí wa. Ohun tí ọmọ awo ń bèèrè nìyẹn, ó sì jẹ́ òdìkejì ohun tí ẹni tí ń wá àfẹ́ẹ̀rí ń bèèrè.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di ohun tí ó dà ní ọjọ́ òní, ìtàn mìíràn ni. Nígbà tí ogun dópin tí ìjọba òyìnbó sì dé, iṣẹ́ tí àfẹ́ẹ̀rí ń ṣe ní gbangba dín kù. Igbó náà dín kù. Ní èdè wa, ẹgàn ni igbó kìjikìji tí àdá kò tíì wọ̀. Ẹni tí ó bá rìn láti ibí lọ sí Ìkòtún lónìí yóò rìn láàárín ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 2006, iye tí àjọ ìkànìyàn kọ sílẹ̀ fún Alímọ̀ṣọ́ nìkan jẹ́ 1,277,714. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ènìyàn pọ̀ tó báyìí kò ní ibùba fún ọdẹ. Ìdí tí àwọn ará ìlú fi ń dáàbò bo igbó Orò àti igbódù tí ó ṣẹ́ kù nìyí, àwọn tí ń ta ilẹ̀ sì mọ̀ ọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ ọdẹ, ẹnu ọlọ́ṣà ni ó bọ́ sí. Àwọn tí ó dàgbà tó mi yóò rántí 1986, nígbà tí orúkọ Lawrence Anini ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn láti ìlú Ẹ̀dó títí dé Èkó. Wọ́n ní ó ní oògùn, pé bí ọlọ́pàá bá fẹ́ mú un yóò pòórá. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n mú un, nínú ilé. Ní oṣù Kẹta 1987 ni wọ́n yìnbọn pa á. Láti ìgbà náà wá ni àwọn fíìmù ti ń fi babaláwo hàn bí ẹni tí ń ṣe oògùn fún irú wọn. Kí eré ó tó parí, ẹni náà yóò ti pòórá lẹ́ẹ̀mẹta. Mo máa ń wo fíìmù wọ̀nyí, kò sí irọ́ níbẹ̀, àwọn mìíràn sì dùn. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọmọ tí kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń dá Ifá rí ti mọ àfẹ́ẹ̀rí, kò sì mọ ìpín.

Àìrí mìíràn wà tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, tí àwa fúnra wa mọ̀ dáadáa. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé, àpá aṣọ mi máa ń gùn ju ti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ, kí olùkọ́ má baà rí ìdè Ifá tí ó wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Nínú ìwé tí a ń kọ ọ̀rọ̀ ara ẹni sí, ẹ̀sìn méjì ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. A ó mú ọ̀kan, a ó fi àmì sí i. Ìkànìyàn 1991 àti ti 2006 kò tilẹ̀ bèèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A wà, a kò sí níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí àfẹ́ẹ̀rí ṣe ń rí lára, kí ó bi ọmọ oníṣẹ̀ṣe tí ó kàwé ní ìlú Èkó ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

Nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ìṣúra àjogúnbá gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Àwọn ènìyàn láti Amẹ́ríkà, Kúbà àti Brazil ń wá sí Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù Kẹfà lọ́dọọdún. Ní 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, tí ó máa ń bọ́ sí ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ. Mo rí ìdè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú ọkọ̀ èrò báyìí, apá aṣọ wọn kò sì gùn. Ṣùgbọ́n rírí náà ní ewu tirẹ̀. Fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn kan nínú wa gan-an ti ń ya àwòrán ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú igbódù, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ kiri kí ayé lè mọ̀ pé awo ni wọ́n. Ẹni tí ó fi ara pamọ́ nítorí ìtìjú àti ẹni tí ó tú awo síta nítorí òkìkí, n kò mọ èyí tí Ifá yóò kọ́kọ́ bá wí. Awo ni í gbé awo nígbọ̀nwọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin àlejò wa, ẹ má bẹ̀rù láti bèèrè. Ẹ lè ya àwòrán ìwọ́de, ijó, ìlù, àti àwọn babaláwo tí wọ́n ń kì Ifá ní gbangba. Bí ẹ bá fẹ́ kí a dá Ifá fún yín, ẹ sọ fún àwọn tí ń tọ́jú àlejò, wọn yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ àgbà. Ìgbà tí a bá ń wọ igbódù, ẹ ó rí màrìwò tí a ta sí ẹnu ọ̀nà. Etí tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ ohun tí ó jọ rí àti wò nínú orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ sì fi fóònù yín sínú àpò. A ó jáde wá bá yín kí oòrùn tó wọ̀, oúnjẹ yóò sì ti jinná.